Ibi tí Àlejò Yóò Gbé Orí Lé: Feng Shui nínú Yàrá Òtẹ́ẹ̀lì

Oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí ó bá ti ná ọjà Guangzhou rí ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìbáà ṣe ọjà ńlá Canton Fair, tí wọ́n ti ń ná lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti ọdún 1957, ni ó bá lọ, ìbáà sì ṣe àdúgbò Xiaobei, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí, ni ó ti lọ ra aṣọ àti bàtà tí yóò dì wálé, yóò ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí òun wọ lífíìtì òtẹ́ẹ̀lì, tí òun ń wá bọ́tìnnì tí òun yóò tẹ̀, nọ́ńbà fò láti orí 3 bọ́ sórí 5, bí ẹni pé ẹni tí ó kọ́ ilé náà kò mọ òǹkà. Ó mọ òǹkà dáadáa. Ohùn tí àwọn ará Ṣáínà fi ń pe ẹẹ́rin ni ó súnmọ́ èyí tí wọ́n fi ń pe ikú, kò sì sí onílé tí orí rẹ̀ pé tí yóò gba owó lọ́wọ́ àlejò tán kí ó tó ní kí ó lọ sùn sí àjà ikú. Ní Hong Kong, àwọn ilé gogoro mìíràn wà tí wọn kò ní àjà kẹrin, tí wọn kò ní ìkẹrìnlá, tí wọn kò sì ní ìkẹrìnlélógún, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń yangàn pé àjà ọgbọ̀n ni òun ń gbé lè máà jìnnà sílẹ̀ tó bí ó ti rò.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ni ó ti wo bọ́tìnnì náà, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, láìmọ̀ pé ìgbàgbọ́ yìí bá ìmọ̀ jíjinlẹ̀ kan tan, èyí tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà fún ohun tí ó lé ní 1,500 ọdún, tí ó sì ń sọ ibi tí ó yẹ kí ilẹ̀kùn kọjú sí, ibi tí ó yẹ kí ibùsùn wà, àti ọ̀nà tí ó yẹ kí omi gbà. Feng shui ni wọ́n ń pe ìmọ̀ náà. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, onílé sì lè tún ilé rẹ̀ ṣe bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí kò kọ́ ilé, tí kò yan bẹ́ẹ̀dì, tí kò sì ní lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ níbẹ̀, lè rí mú nínú rẹ̀? Èmi gbà pé ohun tí ó lè mú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó wà níbẹ̀ níláárí, nítorí pé ohun tí ara ẹni tí ó sùn sílé onílé ń fẹ́ ni. Ìyókù, ọjà títà ni.

Ibojì ni feng shui ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ilẹ̀ Ṣáínà gbà pé èémí kan, tí wọ́n ń pè ní qi, ń rìn nínú ilẹ̀ àti lójú ayé, pé afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́, arìnká-má-rẹ̀, a-gbé-ewé-gbé-erùpẹ̀, ni í máa ń tú u ká, tí omi tútù, àbùmábùtán, sì máa ń dá a dúró kí ó má baà sá lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi afẹ́fẹ́ àti omi sọ ìmọ̀ náà lórúkọ. Guo Pu, akéwì àti ọ̀mọ̀wé tí ó gbé ayé láti ọdún 276 sí 324, ni wọ́n gbà láti ìran dé ìran pé ó kọ Ìwé Ìsìnkú, níbi tí ẹ̀kọ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: bí ọmọ bá sin òbí rẹ̀ sí ibi tí òkè wà lẹ́yìn, tí àwọn òkè kéékèèké na apá sí i lọ́tùn-ún lósì, tí omi sì ń ṣàn jẹ́jẹ́ níwájú, qi yóò kó jọ síbẹ̀, ire rẹ̀ yóò sì máa kan ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ohun tí ó dára fún òkú, wọ́n ní, kò lè ṣàìdára fún alààyè, ni ìmọ̀ náà bá ti itẹ́ òkú wọ ìlú, ó wọ ààfin, ó wọ ilé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní ojúkorojú, kí ó wo ààfin ọba ní Beijing, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1420. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè lẹ́yìn rẹ̀. Ni wọ́n bá kó erùpẹ̀ tí wọ́n wà nínú yàrà tí ó yí ààfin ká, wọ́n fi mọ òkè Jingshan sí ìhà àríwá, wọ́n sì la odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iwájú, nínú ẹnubodè gúúsù. Àga onífẹ̀yìntì tí ó ní apá méjì ni àwọn onímọ̀ náà fi máa ń ṣàpèjúwe irú ibi bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn rí ohun fara tì, ọwọ́ méjèèjì rí ibi sinmi lé, ojú sì gbòòrò. Awo kò pọ̀ nínú èyí. Láti àríwá ni afẹ́fẹ́ òtútù ti ń fẹ́ wá láti ilẹ̀ Mongolia, láti gúúsù ni oòrùn sì ti ń yọjú sí wọn; ilé tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí ti ìṣáájú, tí ó kọjú sí ti ìkejì, ni ará ilé ti ń gbádùn nígbà òtútù. Ní ilẹ̀ tiwa, oòrùn a máa kọjá ní ọ̀gangan orí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, afẹ́fẹ́ òjò ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, ọyẹ́ sì ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, nítorí náà òfin ìkọjú-sí-gúúsù kò ní ohun kan pàtó láti ṣe fún wa. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Irinṣẹ́ àwọn onímọ̀ yìí ni luopan. Ojú rẹ̀ rí róbótó, ó jókòó sínú pákó onígun mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kékeré kan ń mì ní àárín rẹ̀ gbùngbùn. Òrùka lórí òrùka ni wọ́n fi àkọlé wẹ́wẹ́ kún yí abẹ́rẹ́ náà ká. Òwú pupa méjì sì gba orí rẹ̀ kọjá ní ìdábùú ara wọn, ibi tí òwú bá gbà ni àgbà onífeng shui yóò ti ka ọ̀rọ̀ ilé tí ó ń wò. Àwọn tí ń wo ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ yìí ní Ṣáínà kí àwọn atukọ̀ tó gbé e lọ sójú òkun. Lára àmì orí rẹ̀ ni mẹ́jọ kan wà tí wọ́n fi ilà odidi àti ilà gígé, mẹ́ta-mẹ́ta, kọ, tí wọ́n bá sì gbé wọn lé ara wọn ní méjì-méjì, wọn a di 64. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń tẹ ẹyọ kan àti ẹyọ méjì lójú ọpọ́n Ifá, tí odù 16 fi ń bí 256, yóò rí i pé ọgbọ́n ìṣirò kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ìdí kankan tí a ó fi sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì gba Ṣáínà ní ọdún 1949, wọ́n ka gbogbo èyí sí àṣà òkùnkùn. Nígbà tí ó sì di ọdún 1966, tí rògbòdìyàn tí wọ́n pè ní Ìyípadà Àṣà bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá ní luopan nílé a máa fi pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n Hong Kong, Taiwan àti Singapore kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn nígbà náà, ibẹ̀ ni feng shui sì ti gbilẹ̀ tí ó fi wọ inú òtẹ́ẹ̀lì.

Ìtàn tí àwọn ará Singapore fẹ́ràn láti máa sọ ni ti òtẹ́ẹ̀lì Hyatt tí wọ́n ṣí ní òpópónà Scotts Road ní ọdún 1971. Wọ́n ní ọjà kò yá níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá ké sí àgbà ẹlẹ́sìn Búdà kan, Hong Choon, ẹni tí ó wo ibẹ̀ yíká tí ó ní àwọn ilẹ̀kùn iwájú ni kò dára, nítorí pé wọ́n dọ́gba gbọọrọ pẹ̀lú títì, owó tí ó bá sì wọlé ń bá ibẹ̀ jáde. Wọ́n tú àwọn ilẹ̀kùn náà, wọ́n yí wọn sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ṣe ìsun omi sí i. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n sì ní láti ìgbà náà ni àlejò ti ń wọ́ wá.

Ní Hong Kong, nígbà tí wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì Regent ní etí omi Tsim Sha Tsui ní ọdún 1980, gíláàsì gàgàrà ni wọ́n fi ṣe ògiri gbọ̀ngàn ìgbàlejò tí ó kọjú sí èbúté, ọ̀rọ̀ sì tàn kálẹ̀ pé wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àwọn dírágónì mẹ́sàn-án orí òkè Kowloon lè rí ọ̀nà gbà lọ wẹ̀ nínú omi láìfarapa. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nídìí àwọn dírágónì yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ọba ọmọdé kan, ìkẹyìn ìdílé Song, sá fún ogun dé ibẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Ó ka àwọn òkè tí ó yí i ká, ó rí mẹ́jọ, ó ní dírágónì mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀. Ìjòyè kan sì rán an létí pé ọba fúnra rẹ̀ ni ìkẹsàn-án. Ìjòyè yẹn mọ bí a ti ń ki ọba.

Ilé-iṣẹ́ Disney pàápàá, ará Amẹ́ríkà, gbọ́ràn sí àwọn onífeng shui lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọgbà ìṣeré tí wọ́n ṣí ní Hong Kong ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005: wọ́n yí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà ní ìwọ̀n dígírì 12, wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà tí ó ti ibùdókọ̀ ojú irin wá ya kọ́rọ́ kí qi má baà sáré gba ibẹ̀ bọ́ sínú òkun, wọ́n sì fi gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì wọn sí ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin 888, nítorí pé ẹẹ́jọ ni nọ́ńbà ọrọ̀ lójú àwọn ará Ṣáínà. Bóyá àwọn ọ̀gá Disney gbà á gbọ́ tàbí wọn kò gbà á gbọ́, n kò rí i bí ohun tí ó ṣe pàtàkì. Àlejò wọn gbà á gbọ́, àlejò ni ó sì ń sanwó.

Ẹni tí ó sanwó oorun alẹ́ díẹ̀, ẹ̀wẹ̀, kò lè tú ilẹ̀kùn, kò lè mọ òkè, kò sì ní gbé luopan sínú báàgì. Ìrànwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Thomas Lin Yun wá, ẹni tí wọ́n bí ní Beijing ní ọdún 1932, tí ó di olùkọ́ ní California, tí ó sì dá tẹ́ḿpìlì rẹ̀ sílẹ̀ ní Berkeley ní ọdún 1986. Òun ni ó sọ ìlànà kan di mímọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà tí kò nílò kọ́ńpáàsì rárá: a ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, a ó fi ojú inú pín in sí mẹ́sàn-án, igun tí ó jìnnà sí wa jù lápá òsì yóò jẹ́ ti ọrọ̀, èyí tí ó jìnnà jù lápá ọ̀tún yóò jẹ́ ti ìfẹ́ àti ìgbéyàwó, àárín yóò sì jẹ́ ti ìlera. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo luopan kò kà á kún feng shui. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àpamọ́wọ́ yín sí igun ọrọ̀, ẹ gbé e síbẹ̀. Ní tèmi, bí àpótí onírin tí a ń tì bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni n ó gbé tèmi sí, igun yòówù kí ó jẹ́.

Àṣà mìíràn wà tí kì í ṣe feng shui gan-an, ṣùgbọ́n tí ó ń bá a rìn. Ní Hong Kong, Singapore àti Malaysia, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í kan ilẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó ṣí i, bí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọn a sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ lè ráyè jáde. Yorùbá tí ń ké àgò kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ ilé onílé kò nílò àlàyé lórí èyí. Wọn kì í sì í fẹ́ yàrá tí ó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, nítorí pé qi tí ó ti ń sáré bọ̀ láti òkèèrè yóò já lù ú tààrà. Bí wọ́n bá fún yín ní irú rẹ̀, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rántí pé ariwo lífíìtì kì í dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì ni olórí ọ̀rọ̀. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀, àwọn onífeng shui náà kò sì gbà kí a gbé orí sùn síbi tí ó bá ṣáà rí: ògiri líle ni kí orí bẹ́ẹ̀dì fara tì, kì í ṣe fèrèsé, nítorí pé ògiri ni òkè tí ó wà lẹ́yìn, fèrèsé kì í sì í ṣe òkè; kí igi àjà má ṣe dábùú lókè àyà ẹni; kí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lè rí ẹnu ọ̀nà láti ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe nà tààrà sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú jáde ní ilẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá kan bí ọ̀pọ̀ yàrá òtẹ́ẹ̀lì ti rí. Ẹ ṣílẹ̀kùn: balùwẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀nà tóóró kan sì mú yín wọ inú yàrá, níbi tí bẹ́ẹ̀dì kéékèèké méjì ti fi orí ti ògiri òsì, tí tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri ọ̀tún, dígí gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fèrèsé sì gba gbogbo ògiri iwájú. Bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ju ẹrù sí tí wọ́n sì ń sùn sí, nítorí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Ṣùgbọ́n ògiri balùwẹ̀ ti dí ojú rẹ̀, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ yóò gbọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí kò sì ní rí ẹni tí ó wọlé. Láti orí èkejì, tí ó súnmọ́ fèrèsé, ojú tó ẹnu ọ̀nà tóóró náà, ẹsẹ̀ kò sì nà sí i. Ìkejì yìí ni kí ẹ mú. Dígí tí ó kọjú sí yín ńkọ́? Ẹ fi aṣọ ìnura bò ó. Àwọn àgbà Ṣáínà ní ẹ̀mí ènìyàn tí ó bá dìde lóru a máa ta gìrì bí ó bá pàdé ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti jí lóru nínú yàrá àjèjì rí, tí ó rí ẹnìkan tí ó dìde jókòó níwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn, kò ní bi wọ́n léèrè ẹ̀rí. Ìyókù kò gba àkókò: ẹ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ẹ dé àwo ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ni ọrọ̀ ń gbà bá omi lọ, ẹ gbé àpótí kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ àná jáde, bí fèrèsé ibẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ó ń ṣí.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ qi kò wọ̀ létí, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2016, Masako Tamaki, Takeo Watanabe àti Yuka Sasaki, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Current Biology, nípa ìdí tí oorun alẹ́ àkọ́kọ́ ní ibi àjèjì kì í fi í dùn. Wọ́n wo ọpọlọ àwọn tí ó wá sùn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ní alẹ́ àkọ́kọ́, ìlàjì ọpọlọ lápá òsì kì í sùn wọra bí ti apá ọ̀tún. Òun ni ó máa ń tètè gbọ́ ìró àjèjì, òun ni ó sì ń tètè jí ẹni náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà padà wá sùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ yìí kò sí mọ́. Wọn kò wádìí feng shui, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tí ó fi ìlàjì ọpọlọ ṣọ́nà ní alẹ́ àkọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni ilẹ̀kùn wà, kí ni ó wà lẹ́yìn mi, kí ni ó ń mì lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣenibáni ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì tí a ti ń rí ẹnu ọ̀nà, ògiri líle lẹ́yìn orí, àti dígí tí a fi aṣọ bò ń fún un lésì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ohun tí ó kù, tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò, n kò lè gbà á níyànjú: owó idẹ tí a fi òwú pupa so, òkúta dídán, dígí onígun mẹ́jọ tí a ó gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí kì í ṣe tiwa. Bẹ́ẹ̀ sì ni n kò rí ohun tí onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí yóò bẹ̀rù nínú yíyan bẹ́ẹ̀dì kan dípò èkejì, torí kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sí ìjúbà. Ní Malaysia, nínú ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní àjà kẹrin nítorí àwọn ará Ṣáínà, ọfà kékeré wà lókè àjà yàrá tí ó ń tọ́ka Mẹ́kà fún ẹni tí ó fẹ́ kírun, kò sì sí ẹni tí ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní láti sún bẹ́ẹ̀dì tàbí àga, ẹ wò ó kí ó má ṣe dí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ẹ ka àwòrán ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ó ń fi ọ̀nà àsálà hàn bí iná bá ṣẹ́ yọ, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé ibi àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ka èyí sí pàtàkì ju igun ọrọ̀ àti igun ìfẹ́ lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ó bá lọ, ẹ ṣí aṣọ kúrò lójú dígí, ẹ sì dá gbogbo ohun tí ẹ bá sún padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ má baà dá kún iṣẹ́ ẹni tí yóò wá tún yàrá náà ṣe.